Ẹ̀rọ Bàbá Tí Kò Kùn Mọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀nà ọ̀fun yín ò ní gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ bò mí láṣìírí.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mò ń ṣe, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Kó tó di olóògbé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ kan tá a máa ń so mọ́ rédíò ilé wa, irú èyí tó ní fáàfù onígíláàsì tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ ó máa ń kùn yunmu bí oyin, torí iná tó ń wọ inú rẹ̀ ò dúró sójú kan. Bàbá wá ojútùú rẹ̀ títí, kò rí i. Àwa ní tiwa, tá a bá ti gbọ́ kíkùn yẹn, a mọ̀ pé Bàbá wà nílé.

Lóṣù tó kọjá, mo to ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mú iná dúró ṣinṣin, mo so ó mọ́ ti Bàbá. Kíkùn náà tán pátápátá. Inú mi dùn ṣìnkìn, mo pe Màmá pé kó wá gbọ́.

Ó jókòó, ó dẹtí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé bàbá ẹ jáde ni?"

Màmá ò ṣarán o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún mi, àmọ́ kò tíì padà wá jókòó síbẹ̀.

Mo lè yọ ohun tí mo so mọ́ ọn, kò le. Àmọ́ ohun tí Bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ wá nìyẹn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n ṣe tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ má fi falẹ̀ o. Ẹ̀rọ yẹn náà la fi ń gbọ́ yín, mo sì ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá Màmá sílẹ̀ kóun náà lè gbọ́.