Okùn Ojúgun Òsì

Tòpó, lẹ́bàá ọ̀sà Àgbádárìgì
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta, 1943

Dúrósinmí ọmọ mi,

A ti ra aṣọ fún ẹni tí wọ́n so kọ́ nínú kíláàsì yín. Dosi àbúrò mi ló rà á, ọ̀pá mẹ́rin, funfun, kò ní àbàwọ́n kankan. Mákánjú ọlọ́kọ̀ ló ń gbé e bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé bàtà tí wọ́n fún ọ kò bó ọ lẹ́sẹ̀ mọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àìsàn tí o ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò mọ ilé rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ti lọ. Ẹja kò pọ̀ nínú ọ̀sà lóṣù yìí, ajá wa bí mẹ́ta, ìjì sì ṣí òrùlé ibi tí a ti ń sá àgbọn.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á sókè fún gbogbo ilé, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a ó gbọ́ bí ìjọba ṣe ń sọ sójà di olùtọ́jú aláìsàn. Pé ẹ kọ́kọ́ ń tò lórí pápá láràárọ̀, ìyẹn yé mi: ẹni tí kò bá lè yára rìn, aláìsàn á kú dè é. Pé o fi báńdéèjì di orí ọ̀rẹ́ rẹ tí orí rẹ̀ kò bẹ́, èyí ni kò yé ìyá rẹ. Ó ní kí o má jẹ́ kí wọ́n fi orí tìrẹ kọ́ṣẹ́, àìsàn lè rí i kó rò pé wọ́n ń pe òun. Ní ti ọsàn tí ẹ ń gún ní abẹ́rẹ́, mo rò ó títí, mo sì gbà pé bí ọwọ́ bá máa ṣì, ara ọsàn ló yẹ kó ti ṣì. Ṣùgbọ́n ìyá mi, Màmá Àgbà yín, kò jẹ ọsàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní ta ló mọ èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ kó tó dé ọjà. Mo fi agbọ̀n ọsàn kan ránṣẹ́ sí ọ. Gún gbogbo rẹ̀ kí ìdánwò tó dé, má sì fún ẹnikẹ́ni jẹ nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti dá kíkà dúró ni ibi tí o ti kọ ọ́ pé egungun odindi ènìyàn kan wà lórí ìkọ́ irin níwájú yín, pé lára rẹ̀ ni ẹ ti ń kọ́ orúkọ egungun igba ó lé mẹ́fà, àti pé Sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ yín fi ọ̀pá tọ́ka sí ojúgun òsì rẹ̀, ó ní kí ẹ wo kókó tó wà níbẹ̀, pé bí egungun tó ṣẹ́ ṣe ń so ara rẹ̀ pọ̀ nìyẹn.

Màmá Àgbà ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó ní ẹsẹ̀ wo. Mo ní òsì. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde títí a fi jẹun tán.

O mọ̀ pé ìbejì ni mí, pé Sagbo ni èkejì mi. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ láti kékeré ni pé ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Bí àwa Ègùn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì kò bá sí mọ́, a kì í pè é ní ikú. Ohun tí a kò sọ fún ọ ni pé ogun tó ṣáájú èyí ni wọ́n mú un lọ, kó lọ ru ẹrù àwọn sójà ní Kamẹrúùnù, ní 1914, kò sì sí ẹni tó mú ìròyìn rẹ̀ wá. A kò sì sọ fún ọ pé nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó jábọ́ lórí igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé wa, ojúgun òsì rẹ̀ ṣẹ́. Ó san, ṣùgbọ́n kókó kan kù síbẹ̀ tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gbé ẹyin adìẹ pamọ́ sẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ ní Àgbádárìgì láti béèrè fọ́ọ̀mù tí ènìyàn fi ń gba egungun èkejì rẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, Gbádéyan, ní kò sí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú èyí tí wọ́n fi ń wá ẹrù tó sọnù. Ó bi mí pé kí ni orúkọ olóògbé. Mo ní kò kú, igi ló lọ ṣẹ́. Ó ní igbó wo. Mo ní Kamẹrúùnù. Ó ní láti ìgbà wo. Mo ní ó di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní, Bàbá, igi yín yìí á mà pọ̀ o. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Nígbà tí mo ní ìbejì mi ni, ó gbé awò náà padà sójú, ó sì kọ orúkọ Sagbo sílẹ̀ dáadáa. Ó ní ohun tí òun gbọ́ ni pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kó irú egungun bẹ́ẹ̀ wá fún àwọn dókítà, nínú àpótí. Mo ní ọkọ̀ òkun náà ló gbé Sagbo lọ.

Nítorí náà, okùn kan wà nínú àpòòwé yìí. Okùn àwọ̀n ni, kì í nà, mo sì so ó ní ibi mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì mi ni mo fi wọ̀n, torí ẹni tó bá rí mi ti rí Sagbo. Ìso kìíní ni orúnkún, ìso kẹta ni ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó wà láàárín ni ibi tí tirẹ̀ ti ṣẹ́. Màmá Àgbà ló fi ìka kan ibẹ̀ lára ẹsẹ̀ mi, kò sì wá a kiri kó tó rí i. Na okùn náà sí ojúgun òsì ẹni yẹn, kí o wò ó bóyá kókó rẹ̀ wà níbi ìso àárín. O ní bí ẹ bá ti ṣe ìdánwò tán, ọkọ̀ òkun yóò kó yín lọ, wọn kò sì tíì sọ ibi tó ń lọ. Wọn kò sọ fún Sagbo náà. Wọ̀n ọ́n kí o tó lọ, mi ò mọ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Bá mi kí Sájẹ́ǹtì. Sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé Màmá Àgbà ní kí wọ́n sọ ẹni náà kalẹ̀ lórí ìkọ́, kí wọ́n fún un ní àga. Ó ní ẹni tó ru ẹrù ìjọba dé Kamẹrúùnù, ó yẹ kó jókòó. Mo ní a kò tíì mọ̀ bóyá òun ni. Ó ní bí kì í bá ṣe òun ńkọ́, ṣé onítọ̀hún kò ní ìyá ni. Nítorí náà, aṣọ náà ti di tirẹ̀, ìbáà jẹ́ Sagbo, ìbáà má jẹ́ Sagbo. Ẹ lè ṣí i bí ẹ bá fẹ́ ka egungun, kí ẹ sì dá a padà bí ẹ bá parí.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi tún òrùlé ibi àgbọn ṣe. Bí okùn bá sì bá a mu, fi owó ọkọ̀ mi kún un, kí n wá fúnra mi.

Ọwọ́ rẹ yóò máa mọ ibi tí ìrora wà. Ẹni tí o bá gbé lójú ogun kò ní kú sí ọ lọ́rùn. Ọkọ̀ tó bá gbé ọ lọ ni yóò gbé ọ bọ̀.

Mákánjú yóò dúró ní èbúté Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta láti gba èsì lọ́wọ́ rẹ. Màmá Àgbà ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ọ̀sà. Dosi bi mí láàárọ̀ yìí bóyá kí òun lọ sọ fún àwọn ẹbí ní Àpá. Mo ní kó má tíì lọ. Títí èsì rẹ yóò fi dé, igi ni Sagbo lọ ṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zinsu