Koríko Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Sun

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà oko,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ti lọ kì í ka ọjọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀. Ara mi le. Iṣẹ́ tíṣà náà ni mo ṣì ń ṣe ní Ṣakí, Jọ́gíráfì náà ni mo ṣì ń kọ́ wọn, ohùn mi ò sì tíì wálẹ̀ nínú kíláàsì. Ẹ máa ń sọ pé bí mo bá sọ̀rọ̀ nílé, ẹni tó wà lóko á dáhùn.

Ìròyìn oko ni mo fẹ́ mú wá. Mo ti ń sún un síwájú, nítorí pé kò dára, èmi ni mo sì fà á. N ó tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí mo ṣe ń to nǹkan fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí mi ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹkún ni n ó sun, ẹ ò sì fẹ́ràn ẹkún.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ ò tíì mú, ẹ ó jáde lẹ́yìn ìrun Alaasari, nígbà tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀. Ẹ ó já koríko kan, ẹ ó tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣẹ́, ó ti pẹ́ jù nìyẹn. Bí ó bá tẹ̀ tí kò ṣẹ́, ẹ ó ṣáná sí i yí oko ká. Iná náà kì í ga ju orúnkún lọ. Èmi àti Múfú, àbúrò mi, la máa ń fi ewé tútù lù ú pa létí ebè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ilẹ̀ á dúdú, ṣùgbọ́n àwọn igi òrí àti igi àyìn á ṣì wà lórí ìdúró, àfi bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí iná ọ̀hún á fi kú, ẹ kàn máa ń rún pákò yín ni.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Múfú ló ń ṣe é, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ọdún kan wá dé tí òjò pẹ́. Ooru mú débi pé èbù iṣu gbẹ sínú ebè. Múfú pè mí láti Ogbooro, ó ní òun á tún kó èbù mìíràn sílẹ̀, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ojú ọjọ́. Mo ya òbíríkítí sójú bọ́ọ̀dù, mo kọ igi, ilẹ̀ àti òfúrufú yí i ká. Mo ní igi àti koríko ń fa gáàsì kábọ́ọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń fi í kọ́ ara wọn, ewé tó bá rẹ̀ sílẹ̀ tó sì jẹrà ń kó díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Mo ní bí a bá sun wọ́n, gáàsì náà á padà sókè, á bo ayé bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, ooru ò ní ríbi jáde. Ooru á mú kí ilẹ̀ àti koríko tètè gbẹ. Èyí tó gbẹ á yá láti jó, èyí tó jó á tún fi kún bùláńkẹ́ẹ̀tì tó bò wá. Igi tó bá sì ti kú kò lè fa omi láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ fún òfúrufú mọ́, òjò á túbọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ń ti èkejì, èkejì ń ti ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta á sì padà wá ti èkíní. Ọmọbìnrin kan bi mí pé ibo wá ni èèyàn ti lè dá a dúró. Mo dá a lóhùn wàràwàrà pé kí á má sun igbó mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pe Múfú. Mo ní kò gbọdọ̀ fi iná sí koríko kankan mọ́ lóko bàbá wa, pé èéfín wa náà wà lára ohun tó ń lé òjò lọ. Ó ní òun ti gbọ́.

Ọdún méjì kọjá. Koríko tuntun ń hù, ti àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi han kíláàsì mi, mo sì ń yangàn. Mo ní ẹ wò ó, oko bàbá mi rèé, a ò sun ún.

Iná dé láàárín ọyẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ táútáú. Láti ìhà odò ló ti wá, bóyá àwọn tó ń dọdẹ ọ̀yà ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn aládùúgbò wa ti sun tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Iná dé ibẹ̀, kò rí nǹkan jẹ, ó kú. Ó dé tiwa, ó rí oúnjẹ. Ó gun igi lọ sókè. Koríko tí Múfú fi dé orí ebè jó, èbù inú rẹ̀ sè. Àká ọkà jó. Ọwọ́ Múfú bó níbi tó ti ń gbìyànjú láti pa á. Ẹ̀mí kankan ò bá a lọ, mo dúpẹ́.

Àwọn ará Ogbooro wá ń sọ pé ọ̀lẹ ni Múfú, pé ó jẹ́ kí igbó bo oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Kò dárúkọ mi fún wọn. Ó wá bá mi ní Ṣakí pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ mi, ó ní kí n má bínú, òun ò lè ṣọ́ ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Bàbá, mo jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Mo ní àmúwá Ọlọ́run ni, mo sì gbé oúnjẹ fún un. Ojú tì mí láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Ìgbà tó lọ tán ni mo tó rí ohun tí mo fò lójú bọ́ọ̀dù. Èéfín koríko kì í jìnnà. Òjò tó ń bọ̀ ló máa dá a padà sínú koríko tuntun. Èéfín igi ni kì í padà bọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn igi yẹn, ẹ̀yin náà bá wọn níbẹ̀ ni. Iná kékeré yín ló ń gba igi lọ́wọ́ iná ńlá. Ẹ ń ṣe é lójú mi láti kékeré, ewé tútù wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì bi yín lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé. Ṣé ẹ̀ bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí mo bá béèrè?

Àwọn eléèédú ti dé. Wọ́n fẹ́ ra gbogbo igi tó jó náà, kí wọ́n fi ṣe èédú. Múfú fẹ́ gbà fún wọn, kó fi ra ọ̀kadà, kó lọ máa gùn ún n'Ísẹ́yìn, torí pé kò sí èbù tó máa gbìn mọ́.

Jímọ̀ tó kọjá ni mo lọ bá a. Ó ń di ẹrù. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, mo rántí pé àbúrò mi ni, mo dúró síbẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ̀.

“Múfú, èmi ni mo jó oko yìí. Kì í ṣe ìwọ.”

Ó fa okùn ọwọ́ rẹ̀ le kó tó wò mí.

“Àǹtí mi, mo mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ pè mí yẹn ni mo ti mọ̀ pé yóò jó.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin lẹ kàwé.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá fi ìbínú sọ ọ́, ì bá sàn fún mi. Ó ní kí n bá àwọn eléèédú sọ ohun tó bá wù mí, òun ti fi oko náà sílẹ̀ fún mi, ó sì lọ sí Ìsẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò tà. Àwọn igi òrí kan ti ń rú ewé láti ìdí, mo fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Ó ń gbé fóònù, ó ń kí mi dáadáa, ó ń béèrè àlàáfíà mi, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ tẹ̀lé e. Bàbá, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà. Ẹ ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ àbúrò.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín tí ò sì sọ ọ́ nígbà tí ẹ wà láyé.