Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Máa Tètè Ya

Dimanche, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Koumassi Remblais, Abidjan.

Mo ti fọwọ́ títí. Ẹ̀jẹ̀ Délé, àbúrò mi, ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni olórin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pé kí n rán ṣẹ́ẹ̀tì fún òun. Ó ní, "Tantie, ẹ má fi ẹ̀rọ rán àyà rẹ̀. Ẹ kàn fọwọ́ gán an, kó lè ya tí mo bá fà á." Mo gán an.

Lọ́sàn-án yìí, níbi eré rẹ̀ ní Zone 4, ó bú àwọn tó ń ṣèjọba, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì náà ya, ó ní kí wọ́n wá yìnbọn sí òun láyà. Kí àwọn jàǹdùkú olóṣèlú tó ya wọlé pẹ̀lú kóńdó, mọ́tò ti gbé e gba ẹ̀yìn jáde.

Délé tó wà láàárín òǹwòran náà fẹ́ sá. Ọ̀kan nínú wọn gbá ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Èmi ni mo rán ìyẹn náà, òwú ìlọ́po méjì, torí àbúrò mi ni. Kò ya. Wọ́n fi dì í mú títí wọ́n fi fọ́ ọ lẹ́nu, tí wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá.

Ká ní mo gán tiẹ̀ náà ni...

Ní ọsibítù, ó fi ẹnu tó wú yẹn sọ pé, "Àǹtí mi, ọkùnrin yẹn láyà." Bóyá ó láyà. Ṣùgbọ́n ta ló bá a jẹ kóńdó tó yẹ kó jẹ?

Olórin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. "Tantie, vidéo yẹn ti gba gbogbo Abidjan. Ẹ rán òmíràn fún mi kó tó di samedi, mo tún ní eré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn."

Mo ní kò burú.

Màá rán an. Bíi ti Délé ni màá ṣe rán an.