Kíláàsì D tí Wọ́n Ju Asiat Sí

                                                  Ẹ̀yìn Wíáháòsì,
                                                  Al Qusais,
                                                  Dubai.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Òkúdu, 1996.

Màmá Waheed, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ tíṣà tí kò sú yín. Ṣé àlàáfíà ni Bàbá Waheed wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ooru ìhín ti dé, ṣùgbọ́n ara wa le. Inú ló ń bí mi, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín.

Ẹ rántí pé Sharjah la ti wá ilé ìwé fún Asiat ní èṣí, torí owó àwọn ti Dubai ju agbára wa lọ. Lọ́jọ́ tí a mú un lọ, ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin kan báyìí, da ìbéèrè bò ó. Asiat kúnlẹ̀, ó ń wolẹ̀, ó ń dáhùn jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Obìnrin yìí ní ọmọ tí kò lè wo òun lójú, orí rẹ̀ kò jí pépé. Ló bá jù ú sí kíláàsì D. Asiat tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ ní ìṣirò ní Mushin!

Àṣé D yìí ni wọ́n ń kó ọmọ dírẹ́bà àti ọmọ aláàárù sí, àti gbogbo ọmọ tó bá ti dúdú. Àwọn ọmọ olówó wà ní A pẹ̀lú tíṣà ìṣirò gidi. Ní D, tíṣà eré ìdárayá ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ìyẹn bó bá ráyè. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ tán, wọ́n ní kò mọ ìrìn ín rìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pe àwa òbí wá gbọ́ èsì ìdánwò. Kíláàsì D fìdí rẹmi. Ọ̀gá náà dìde láàárín gbogbo wa, kò tijú, ó ní, "African children, this is their level. Khalas," ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní kí wọ́n fún ọmọ mi ní ìdánwò ti A lójú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí mo bá fẹ́ A, kí n san owó A. Mo bú u ní Yorùbá dáadáa. Fàtáì ọkọ mi wá ń fà mí láṣọ: "Ìyá Asiat, yalla, jẹ́ ká máa lọ jàre. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n cancel visa wa ni?" Ẹni tó ń di káàgò ní Deira látàárọ̀ dalẹ́ nítorí ọmọ yìí! Mo bínú sí òun náà.

Ṣùgbọ́n tàná ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Mo fún Asiat ní ìṣirò kékeré kan, irú èyí tí ẹ máa ń fún un kó tó jẹun. Kò kúnlẹ̀, kò wolẹ̀. Ó wò mí lójú gan-an, ó ní, "Mummy, àwa dúdú ò lè mọ maths. Kíláàsì D ni mí."

Mo sunkún, ẹ̀gbọ́n mi. Lateefat, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń wá rajà níbí, ń padà sí Èkó lópin oṣù. Òun ni yóò mú Asiat wá bá yín. Mo mọ̀ pé ilé yín kún, mo sì mọ̀ pé yóò dùn mí bí mo bá jí tí mi ò rí i. Ẹ bá mi kí Bàbá Waheed àti Waheed. Fàtáì kí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi kó tó gbà wọ́n gbọ́ tán.

                                                  Èmi ni àbúrò yín tí inú ń bí,
                                                  Kàfáyàt.