Ọbẹ̀ Ìyá Rẹ Tó Wà Nínú Fíríìjì

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọmọ inú rẹ ń mira, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun kánú? Ire ni kí o máa gbọ́, kí o má gbọ́ ohun tí yóò mú ọ sáré jáde láìwọ bàtà. Èmi wà láàyè. Èjìká ń dùn mí, òrùlé ń jò, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́. Télọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó má fi iyọ̀ kún ọ̀rọ̀ mi, ó ní ọ̀rọ̀ mi ti níyọ̀ tó.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí ilé ìwòsàn nítorí èjìká. Nọ́ọ̀sì kan kó wa jọ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń gbé inú oúnjẹ, inú mílíìkì tí a kò sè, inú ẹran tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí a kò mú gbóná dáadáa, àti lára ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀. Mo ní kí wọ́n fi hàn mí. Wọ́n ní ojú lásán kò lè rí i. Mo ní ta ló wá rí i tó fi sọ fún wọn. Àwọn ará bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi kò ṣàwàdà.

Wọ́n tún ní òtútù fíríìjì kì í pa á, pé inú òtútù gan-an ló ti ń dàgbà, bí ẹni tó wọ kóòtù. Fíríìjì tí o rà fún mi kí oúnjẹ má baà bàjẹ́ nìyẹn o. Bí mo ṣe délé, mo yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná kí kòkòrò náà má rí òtútù gbádùn, mo sì kó ẹran inú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó di ọjọ́ kejì, ó ti ń rùn. Télọ̀ wọlé, ó fọwọ́ bomú, ó ní Bàbá, ẹ lé olè kan jáde, ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún ogún. Mo dá wáyà náà padà, àmọ́ kò yé mi títí di ìsinsìnyí. Òtútù kò pa á, ooru ń bọ́ ọ yó, àfi kí oúnjẹ hó lórí iná kó tó kú.

Wọ́n wá ka àwọn tó máa ń bá jà jù. Wọ́n ní àgbà tó bá ti pé márùndínláàádọ́rin ọdún. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀, báwo ni kòkòrò ṣe fẹ́ mọ̀? Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní yóò mọ̀. Wọ́n ní ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Wọ́n ní ọmọ tuntun. Wọ́n ní aboyún. Ibẹ̀ ni èjìká mi kò ti dùn mí mọ́.

Wọ́n ní aboyún lè má mọ̀ ju pé ara òun gbóná díẹ̀, tí ẹ̀yìn ń ro ó bí ẹni tí òtútù mú, kó sì jẹ́ pé ọmọ inú ni ìyà náà ń jẹ. Ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àní oṣù méjì, lẹ́yìn oúnjẹ náà kó tó yọjú.

Àbíkẹ́yìn, ọbẹ̀ tí o jẹ nígbà tí o wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí o ní ó dà bí ọwọ́ màmá, ọwọ́ màmá ni. Òun ló sè é ní ọ̀sẹ̀ tí ikú mú un lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti wà níbi yìnyín. Iná a lọ, yóò yọ́. Iná a dé, yóò tún dì. Oòrùn ni mo gbé e sí kó yọ́ kí n tó bù ú fún ọ, n kò gbé e kaná, torí n kò fẹ́ kí iná mìíràn kan ohun tí ìyá rẹ ti fi iná tirẹ̀ sè. Mo fẹ́ kí ọmọ inú rẹ tọ́ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ọwọ́ tó tọ́ ọ dàgbà lè pa ọ́ lára. Wọ́n ní kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó sè é, ọjọ́ ló pẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó jẹ irú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, oògùn sì wà bí a bá tètè dé.

N kò pè ọ́ lórí fóònù. Wàá ní Bàbá, ẹ má dààmú, wàá sì pa fóònù. Ìwé kì í pa ara rẹ̀. Awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sí ìlú yín ló ń mú un bọ̀ lónìí, mo ti ní kó má yà níbì kankan.

Bí o bá kà á débí, dìde. Lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú oyún rẹ, ara rẹ ì báà gbóná, ì báà má gbóná. Sọ fún dókítà pé bàbá rẹ ló fún ọ ní ọbẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án tí kò gbé kaná. Má tìtorí mi pa á mọ́. Bí wọ́n bá ní òmùgọ̀ ni mí, gbà fún wọn, kí wọ́n ṣáà yẹ̀ ọ́ wò.

Abọ́ kan ló kù. Télọ̀ ní òun á bá mi dà á nù, mo ní rárá. Láàárọ̀ yìí mo gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo dà á síbẹ̀ fúnra mi, mo sì fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Tí o bá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, kì í ṣe ṣáájú, fi owó gáàsì ránṣẹ́ sí mi, torí gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ jẹ báyìí ni mo ń sè títí yóò fi hó, títí kan búrẹ́dì. Télọ̀ ní a kì í se búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì kò yọ búrẹ́dì sílẹ̀.

Wàá bí i láyọ̀, wàá gbé e lọ́wọ́, yóò ké, etí mi yóò gbọ́ ọ. Ọlọ́run tó mú ìyá rẹ lọ, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ náà, láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan. Lánàá mo kúnlẹ̀ fún un nítorí rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.