Ohun Tó Pa Adélàjà

Bọ̀dá mi,

Ó pẹ́ tí mo ti ń pa á mọ́ra: àrùn éèdì ló pa àbúrò wa Adélàjà, kì í ṣe ibà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ara Màámi ti ń yá. Wọ́n ní kí n kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Lánàá, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí éèdì bi àwa ará àdúgbò bóyá a ṣì ń ṣú opó. Síkírù wa ló kọ́kọ́ pariwo pé rárá, bẹ́ẹ̀ Jímọ̀ yìí ló fẹ́ ṣú Mùnírátù, opó Adélàjà. Bí a ṣe jáde, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, àbí wọ́n fẹ́ bá mi du ìyàwó ni?" Bóyá ojo ni mí.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lókè òkun. Ẹ gbàdúrà fún wa. Lọ́la, màá lọ bá Mùnírátù ní Ẹ̀pẹ́, màá sọ ohun tó pa ọkọ rẹ̀ fún un, kó lè ṣe àyẹ̀wò kí Síkírù tó dé.

Dùnsìn