Èyí Tí Ojú Mi Ti Hàn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Eruku nìkan la jọ ń fà á, òun náà sì ti di ará ilé.

Obìnrin onífọ́tò kan wá bá àwa mẹ́fà tí a ń gbá títì. Mo rò pé ó fẹ́ yà wá bí ẹni ń ya ẹranko ni, mo bá kọ̀yìn sí i. Àṣé kámẹ́rà ló fẹ́ kó fún wa! Ó ní kí a máa ya ara wa, kí kálukú yan èyí tí wọn yóò gbé kọ́ sára ògiri ilé ìkàwé, kí àwọn tó ń fojú pa wá rẹ́ lè dúró wò wá.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, ló ya tèmi. Nínú ọ̀kan, mo faṣọ bo imú bo ẹnu, bí mo ṣe máa ń ṣe. Nínú èkejì, mo ti tú u láti mu omi, mò ń fi ìsọkúsọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o mà rẹwà o! Ta lò ń sá fún?"

Mo fa aṣọ náà padà bojú. Wọ́n rò pé nítorí eruku ni. Nítorí rẹ ni. Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún àwọn àna wa pé akọ̀wé ni mí, n kì í ṣíjú ní títì mọ́, kódà lẹ́yìn òjò. Lóṣù tó kọjá, ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ gbẹ́sẹ̀ fo ìgbálẹ̀ mi kọjá. Aṣọ ilé-ìwé rẹ àtijọ́ ni mo fi wé ọwọ́ ìgbálẹ̀ náà. O wò ó, o sì bá ọ̀nà rẹ lọ. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí mo délé, kò sẹ́ni tí mo lè rò ó fún.

Lọ́jọ́ tí a máa yàn, èyí tí mo ti bojú ni mo kọ́kọ́ fún onífọ́tò. Mo ti kẹ̀yìn láti máa lọ kí n tó bi ara mi pé, ṣé mo jalè ni? Mo padà lọ gbà á, mo fún un ní èkejì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbé e kọ́. Mo ní kí n tètè sọ, kó má baà bá ọ lójijì.

Ilé rẹ kò ní dàrú. Àwọn ọmọ rẹ yóò máa pè ọ́ ní ìyá níbi gbogbo, láàárín èrò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń gbá títì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: bí ìwọ àti àwọn àna wa bá gba iwájú ilé ìkàwé kọjá, má fòyà. Èmi tí mo wà ní títì yóò bojú. Èyí tó wà lára ògiri nìkan ni kò ní bojú mọ́.